Ikùn Ńlá Kọ́ ni Ire Àìkú: Àlàyé lórí Sísanra àti Ìlera Ọjọ́ Alẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé dání lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtumọ̀ odù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ètò ìtẹ̀fá. Ọ̀rọ̀ ara wa ni. A fẹ́ ṣe àlàyé lórí sísanra: ìgbà tí ó di ewu, ohun tí ó ń ṣe nínú ara, àti bí ènìyàn ṣe lè dín in kù kí ó má sì tún padà.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ kò jìnnà. Ẹni tó bá wá jókòó níwájú ọpọ́n, ire àìkú ni a kọ́kọ́ ń bèèrè fún un, kí a tó kan ire owó, ire aya tàbí ti ọkọ, àti ire ọmọ. Àwa tí a ń bèèrè rẹ̀ fún ẹlòmíràn ńkọ́? Ẹ wo àyíká yín. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ẹgbẹ́ awo kan lónìí tí rọpárọsẹ̀ kò tíì dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí àtọ̀gbẹ kò tíì gba ojú àgbà kan. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni sísanra fà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú púpọ̀.

Ojú tí a fi ń wo sísanra

Nínú èdè wa, ìyìn ni sísanra. Bí a bá pàdé ọ̀rẹ́ tí a ti rí tipẹ́, "Ara yín mà dára o, ẹ ti sanra!" ni a ó kọ́kọ́ sọ, inú rẹ̀ á sì dùn. Bí ó bá fọn, ohùn á yí padà: "Kí ló dé? Ṣé kò sí o? Ṣé ara ò yá ni?" Ìyàwó tó bá fọn, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Olóyè tí kò níkùn, wọ́n á ní oyè kò tíì mọ́ ọn lára.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò gbọ́n. Láyé ọjọ́un, ìyàn ń mú, àwọn àrùn tó sì ń pa ènìyàn, fífà ni wọ́n máa ń fa ènìyàn gbẹ kí wọ́n tó pa á: ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru, ibà ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ẹni tó lẹ́ran lára ní ohun tí yóò fi ja ìjà náà. Nígbà tí àrùn éèdì tún wá dé, tí àwọn ará Uganda ń pè é ní Slim nítorí bí ó ṣe ń mú ènìyàn joro, ìbẹ̀rù rírù tún le sí i. Títí di òní, àwọn kan wà tí dókítà ní kí wọ́n dín ara kù, tí wọn kò jẹ́ ṣe é, nítorí ohun tí àdúgbò yóò sọ.

Ṣùgbọ́n àwọn àrùn tó ń mú àgbà lọ lóde òní ti yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn, àti irú jẹjẹrẹ bíi ti ilé ọmọ àti ti ìfun ńlá, ara tó sanra jù ni ó rọrùn fún wọn láti wọ̀. Wọn kì í kanlẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá bá lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa jó lóde àríyá fún ọdún mẹ́wàá.

Iṣẹ́ tiwa gan-an sì ti yí padà. Láyé àtijọ́, awo ló ń wọ igbó já ewé fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń ti abúlé kan bọ́ sí èkejì. Lónìí, ọmọ ni a ń rán sí lẹ́kúlẹ́jà lọ́jà, ọ̀kadà tàbí mọ́tò ni a ń wọ̀, àwọn mìíràn sì ń wádìí lórí tẹlifóònù láti orí ẹní. Jíjókòó ti pọ̀ sí i. Oúnjẹ kò dínkù. Ìsọmọlórúkọ lónìí, ìtẹ̀fá lọ́la, ìsìnkú àgbà lọ́tunla, ibi gbogbo ni iyán àti ẹran ti ń dúró dè wá.

Bí a ṣe lè mọ ẹni tó ti kọjá ààlà

Ọ̀mọ̀wé ará Belgium kan tó ń jẹ́ Adolphe Quetelet ló gbé ìṣirò kan jáde ní nǹkan bí ọdún 1832. Ní 1972, Ancel Keys ará Amẹ́ríkà fún un lórúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, BMI. A ó wọn gíga ènìyàn ní mítà, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, èyí tó bá jáde ni a ó fi pín kílò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ga ní mítà 1.70, tí ó sì wọn kílò 95. Mítà 1.70 ní ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 2.89. Bí a bá fi 2.89 pín 95, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 33. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà wà láàárín 18.5 sí 25. Láti 25 lọ sókè, ó ti sanra ju bó ṣe yẹ. Bí ó bá pé 30, ó ti di àìsàn. Ẹni tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí ti kọjá níbẹ̀.

Ìṣirò yìí dára, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti ẹran ara. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lójoojúmọ́ lè wọ̀n púpọ̀ kí ara rẹ̀ sì le koko. Kò sì lè sọ fún wa ibi tí ọ̀rá náà wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, tépù télọ̀ ni àwa fẹ́ràn jù. Kí ènìyàn dìde dúró, kí ó mí jáde, kí ó wọn àárín egungun ìhà tó kéré jù lọ àti egungun ìbàdí, ní bíi ọ̀gangan ìdodo. Ní 2022, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ìwọ̀n ìbàdí má tó ìdajì gíga ènìyàn. Ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, kí ìbàdí rẹ̀ má pé 85. Kò ní ìṣirò kankan nínú. Ẹni tí kò ní tépù, kí ó fi okùn wọn gíga rẹ̀, kí ó ká okùn náà sí méjì, kí ó wò ó bóyá ó yí ikùn rẹ̀ ká.

(Aṣọ wa kò ràn wá lọ́wọ́ níbi ọ̀rọ̀ yìí o. Òyìnbó tó ń de bẹ́líìtì, ihò bẹ́líìtì á sọ fún un pé nǹkan ti ń yí padà. Ṣòkòtò olókùn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, agbádá a sì máa bo àṣírí gbogbo rẹ̀.)

Kí ló dé tí ọ̀rá ikùn fi burú ju ti ibòmíràn lọ? Ọ̀rá abẹ́ awọ, irú èyí tó wà ní ìdí àti itan, ó dà bí aṣọ tí a kó sínú àpótí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀rá inú ikùn, tó yí ìfun ká, kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún inú rẹ̀ kì í gbọ́ ti ínsúlínì mọ́. Ínsúlínì yìí ni oje tí ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ń sun jáde, kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Bí ara bá ti di etí sí i, ẹ̀yà ara náà á máa ṣe iṣẹ́ kún iṣẹ́, títí agbára rẹ̀ á fi pin. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á sọ fún ènìyàn ní ọsibítù pé àtọ̀gbẹ ti dé, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́nà. Ọkàn pẹ̀lú, ara tó tóbi ló ń fún ní ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín á máa di iyọ̀ mú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè. Ti orúnkún kò sì ṣeé fẹnu sọ tán. Ìwádìí kan ní 2005 fi hàn pé kílò kan tó bá kúrò lára, ẹrù bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a ń jókòó lórí ẹní, tí a ń ti ilẹ̀ dìde, a mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ohun tí ara àwọn ènìyàn wa fi hàn

Àwọn kan gbà pé ìran dúdú ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tó wọ̀n ọ́n rí. Ní àwọn ọdún 1990, Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi mọ́ àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn, wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn àwọn Yorùbá ní Ìgbò-Ọrà àti ní Ìbàdàn, wọ́n lọ sí Cameroon, Jamaica, St Lucia àti Barbados, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Maywood lẹ́bàá Chicago. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1997. Nínú àgbàlagbà 100, àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Caribbean, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Ti àtọ̀gbẹ tún yàtọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: 2 ní Nàìjíríà, 9 ní Caribbean, 11 ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí sísanra ṣe ń pọ̀ láti ibì kan dé ibì kejì, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ń tẹ̀ lé e. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ìyà àti wàhálà ayé dúdú láàárín funfun náà wà níbẹ̀, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ìran kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí wọ́n ń gbé, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ àti iṣẹ́ tí ara wọn ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni nílé má sì fi èyí yangàn. Ìbàdàn àwọn ọdún 1990 kọ́ ni Ìbàdàn òní. Ẹ dúró ní oríta èyíkéyìí, kí ẹ ka iye ìgò mínírà tí àwọn ọmọdé ń mu.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ wa Lùkùmí wà. Nígbà tí Soviet Union tú ká ní 1991, epo mọ́tò àti oúnjẹ tí Kúbà ń rí gbà níbẹ̀ dáwọ́ dúró. Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń lọ síbi iṣẹ́, oúnjẹ sì wọ́n. Títí di 1995, àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan fi bíi kílò márùn-ún fọn. Láàárín 1997 sí 2002, ikú tí àtọ̀gbẹ ń fà dínkù pẹ̀lú 51 nínú 100, ti àrùn ọkàn pẹ̀lú 35, ti rọpárọsẹ̀ pẹ̀lú 20. Nígbà tí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù díẹ̀, ara padà, àtọ̀gbẹ náà sì padà tẹ̀ lé e.

Ẹ gbọ́ ná o. A kò yin ebi. Ní ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ó lé ní 50,000 ènìyàn ní Kúbà tí ojú wọn ṣókùnkùn tàbí tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, nítorí pé àwọn èròjà aṣaralóore kò sí nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Àwọn àgbàlagbà ló sì jìyà jù. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kílò márùn-ún péré, lára gbogbo ìlú, tó láti lé ikú sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ebi kọ́ ni ọ̀nà tó yẹ kí a gbà dé ibẹ̀.

Ọ̀nà tó yẹ ti wà lákọsílẹ̀. Ní 2002, ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ mú. Wọ́n ní kí apá kan fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 rìn lọ́sẹ̀. Wọ́n fún apá kejì ní oògùn metformin. Láàárín bí ọdún mẹ́ta, oògùn dín àtọ̀gbẹ kù pẹ̀lú 31 nínú 100. Oúnjẹ àti ìrìn dín in kù pẹ̀lú 58. Dúdú àti funfun ló jàǹfààní bákan náà. Ẹni tó wọn kílò 95 tí a sọ lókè, ìdá méje tirẹ̀ kò tó kílò méje. Á ṣì sanra. Kò ní di ọ̀dọ́mọkùnrin padà, ṣùgbọ́n ewu ti jìnnà sí i. Èyí ni ohun tí àwọn ènìyàn wa kì í mọ̀: wọ́n rò pé bí àwọn kò bá lè di tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ìwúlò kankan.

Oúnjẹ, ìrìn, àti ẹ̀kọ́ inú eewọ̀

Kálórì ni wọ́n ń pe ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ. Gíráàmù kan ọ̀rá tàbí epo ní kálórì mẹ́sàn-án. Ti ọtí ní méje. Ti ṣúgà, ti sítáàṣì inú iyán àti ẹ̀bà, àti ti purotéènì inú ẹran àti ẹ̀wà ní mẹ́rin mẹ́rin. Síbí ìjẹun ńlá kan tó kún fún epo, kálórì bíi 120 ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ rírò tó léfòó sórí epo, tí a rò pé ewé ni a ń jẹ, fi lè ju iyán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Epo pupa dára, ṣùgbọ́n epo ni. Ìgò mínírà 50cl lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, kò sì yó ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ní kí a dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí òun máa fi sílẹ̀, mínírà àti mọ́ọ̀tì ni a ó sọ, láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Àwo wa pẹ̀lú, àyípo ló nílò. Òkèlè ló máa ń pọ̀ bí òkè, ọbẹ̀ á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kí òkèlè kéré, kí ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ àti gbẹ̀gìrì pọ̀, kí ẹja wà níbẹ̀. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ń yó ènìyàn pẹ́. Àmàlà kò burú ju iyán, iyán kò burú ju ẹ̀bà. Ìwọ̀n rẹ̀ ni. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀bà nìkan ló ń sanni lára, àwáwí ni wọ́n ń wá.

Kí ènìyàn má kánjú. Kílò ààbọ̀ sí kílò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ara tí a bá fi ebi lé lójijì máa ń jà padà: ebi á pọ̀ sí i, ara á sì máa fi agbára pamọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dẹwọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á padà pẹ̀lú èlé. Ìrìn ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ni ó ń pé 150 yẹn. Ẹ lọ já ewé yín fúnra yín.

Ti òde àríyá ńkọ́? Àwọn kan ní àwọn kò lè kọ oúnjẹ nítorí ojú onílé. A kì í gbà fún wọn. Nílé Ifá, kò sí ẹni tí kò mọ eewọ̀. Ọmọ tí a ṣe ẹ̀sẹ̀ńtáyé fún, àgbà tó wọ igbódù, wọ́n lè jáde pẹ̀lú ẹran kan tàbí ọtí kan tí wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn títí ayé. Bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀ láàrin ọgọ́rùn-ún èrò, "Eewọ̀ mi ni" ni á wí, ọ̀rọ̀ á tán, kò sí onílé tí í bínú. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá eewọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó wá pè é ní ti Ifá; irọ́ ni ìyẹn, kò sì yẹ awo. Ohun tí a ń sọ ni pé agbára tí a fi ń pa eewọ̀ mọ́ ti wà lọ́wọ́ wa, a ti ń lò ó láti kékeré. Ẹni tó lè fi àgbò sílẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ló dé tí kò ní lè fi àwo kejì sílẹ̀? Kí ó bá wọn jẹ díẹ̀, kí ó dúpẹ́, kí wọ́n di ìyókù fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ àgbo àti oògùn

Àwa tí a mọ ewé ló yẹ kí a sọ èyí. Àgbo tó ń mú ènìyàn yà gbuuru kì í yọ ọ̀rá. Omi àti ìgbẹ́ ni ó ń lọ; bí ó bá di ọ̀túnla tí ó mu omi, kílò náà á padà. Púpọ̀ nínú àwọn tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fa ikùn wọlé, ewé ìyàgbẹ́ ni ó wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń mu ún lemọ́lemọ́, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń lù dáadáa á dínkù, kíndìnrín á sì fara gbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí awo kankan má fi orúkọ Ifá ta irú rẹ̀.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ń béèrè nípa abẹ́rẹ́ tuntun bíi semaglutide. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023 lórí ènìyàn 17,604 tó sanra, tí wọ́n ti ní àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi hàn pé ó dín ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó ń tibẹ̀ wá kù pẹ̀lú ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, dókítà ló gbọ́dọ̀ fún ènìyàn, bí a bá sì dá a dúró, púpọ̀ nínú ohun tó lọ á padà.

Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ara bá ṣe ń fúyẹ́, oògùn náà lè di àpọ̀jù, kí ṣúgà tàbí ìfúnpá wálẹ̀ jù. Dókítà ni yóò dín in kù, kì í ṣe ẹni náà. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sí ètò yìí, ọmọdé bákan náà, àfi bí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe é. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí ó rí i pé ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà wà nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa rìn, kí ó má jẹ́ pé ẹran ara ni á fi sílẹ̀ dípò ọ̀rá. Ẹni tó bá sì ń rù láìgbèrò rẹ̀, tó ń jẹun tó sì ń joro, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí a ń sọ: ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ. Kí irú wọn tètè lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ náà gan-an fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀.